Kí Ló Ń Ṣe Tòmátì Yín? Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kẹ́ Ẹ Tó Ra Oògùn

 

Ọ̀rọ̀ tòmátì la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe èyí tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ ní Mile 12 o. Èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín gbìn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìnkùlé, tẹ́ ẹ ń ya fọ́tò rẹ̀ sórí status, tó wá ń wò yín bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ewé ti ń pọ́n, òdòdó ń já bọ́, ọmọ tó so náà ń jẹrà nídìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé ká sáré ra oògùn. Ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é.

Mile 12 wà nítòsí, kí la wá ń gbìn ín fún?

Ẹnì kan á ní, "Ẹni tó ń gbé Ìkòsí tún ń gbin tòmátì? Ṣebí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé Mile 12." Òótọ́ ni. Kòsọ́fẹ́ níbí ni ọ̀pọ̀ tòmátì tí Èkó ń jẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ti ibí wá. Láti Kánò, Kàdúná, Kàtsínà, Jígáwá àti Bẹ́núè ni ọkọ̀ ńlá ti ń gbé e bọ̀. Tí nǹkan bá ṣe oko lọ́hùn-ún, tàbí tí ọ̀nà dí, ìkòkò ọbẹ̀ wa ló máa jẹ́rìí sí i.

Ẹ rántí ọdún 2016. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Tuta absoluta ya wọ oko tòmátì l'Áríwá, àwọn èèyàn sọ ọ́ ní "Ebola tòmátì." Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pé ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì. Wọ́n ní apẹ̀rẹ̀ tó wà ní nǹkan bí ₦1,200 ti fò kọjá ₦40,000 láàárín oṣù mélòó kan. Ilé-iṣẹ́ tòmátì Dangote tó wà ní Kánò, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹta ọdún yẹn, ní láti dáwọ́ dúró torí kò rí tòmátì rà. Nígbà tó tún di ìparí oṣù kejì ọdún 2021, àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti Àríwá dá ọkọ̀ wọn dúró fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo ẹni tó bá lọ sọ́jà lọ́sẹ̀ yẹn ló mọ ohun tójú rẹ̀ rí.

Mi ò ní parọ́ fún yín: bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì kò lè bọ́ ilé. Ṣùgbọ́n igi mẹ́rin tó bá ṣe dáadáa lè gbé ìkòkò ọbẹ̀ mélòó kan ró nígbà tí ọjà bá le. Ẹ ó sì mọ ohun tí wọ́n fi sí i lára àti ohun tí wọn ò fi sí i. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbin ti àkọ́kọ́, ó máa kú, wọ́n á ní ọwọ́ àwọn ò dára fún ọ̀gbìn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọwọ́ yín dára. Ẹ kàn máa bi igi yẹn ní ìbéèrè ni.

Ohun mẹ́ta tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ wò

Àkọ́kọ́ ni oòrùn. Tòmátì ń fẹ́ oòrùn gidi fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lójúmọ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ilé wa ṣe rí níbí: ilé alájà mẹ́ta fara ti ilé alájà mẹ́rin, fẹ́ǹsì ga, táńkì omi dúró lókè. Ibi tẹ́ ẹ rò pé oòrùn wà, àárọ̀ nìkan ló lè máa dé ibẹ̀. Ẹ lo fóònù yín. Ní ọjọ́ kan tẹ́ ẹ bá wà nílé, ẹ ya ibi tí bọ́kẹ́ẹ̀tì wà ní aago mẹ́jọ àárọ̀, aago mẹ́wàá, aago méjìlá, aago méjì àti aago mẹ́rin. Ẹ wo fọ́tò márààrún tẹ̀ léra wọn. Tí òjìji bá bò ó nínú mẹ́ta, ẹ ti rí ìdáhùn kan. Igi tó ń ga tẹ́ẹ́rẹ́, tí ọrùn rẹ̀ gùn bí ẹni ń wá nǹkan lókè, oòrùn ló ń wá. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀.

Ìkejì ni ilé tó ń gbé. Igi tòmátì kan nílò nǹkan tó gbà tó lítà 20, ìyẹn bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ńlá. Igi kan péré ni kẹ́ ẹ fi sínú ẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá gbin mẹ́ta síbẹ̀, ṣe ni wọ́n á máa bára wọn jà lórí omi àti oúnjẹ. Kí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì ní ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà, kó sì wà lórí búlọ́ọ̀kù kí omi lè rí ọ̀nà jáde.

Ìkẹta ni omi, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ewé tó ń rọ kì í fìgbà gbogbo sọ pé òùngbẹ ń gbẹ igi. Gbòǹgbò tó ń rì nínú omi náà máa ń jẹ́ kí ewé rọ, torí kò rí afẹ́fẹ́ mí. Tẹ́ ẹ bá wá tún da omi sí i, ẹ ń ti ẹni tó ti ń rì ni. Ìka yín ni kẹ́ ẹ fi dán an wò. Ẹ ki ìka kan bọ ilẹ̀ náà dé oríkèé kejì. Tó bá tutù nísàlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Tó bá gbẹ, ẹ bomi rin ín dáadáa títí omi á fi máa kán nídìí. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ bomi rin ín, ìdí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ da omi sí, ẹ má dà á sórí ewé.

Tẹ́ ẹ bá ti wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti rí ohun tó ń ṣe é. Tẹ́ ẹ ò bá tíì rí i, ó yá, ẹ jẹ́ ká yẹ ara rẹ̀ wò.

Ewé ń pọ́n láti ìsàlẹ̀

Tó bá jẹ́ pé ewé àgbà tó wà nísàlẹ̀ ló ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, tí tòkè ṣì tutù yọ̀yọ̀, ebi ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Igi náà ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ewé àgbà láti fi bọ́ ewé tuntun. Ẹ fún un ní ajílẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ dára gan-an, ṣùgbọ́n èyí tó ti jẹrà fún oṣù mélòó kan, tí kò rùn mọ́. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lábẹ́ adìẹ á jó gbòǹgbò. Tó bá jẹ́ NPK 15-15-15 lẹ ní, ìdérí ìgò kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì tó. Ẹ wọ́n ọn yí igi ká, kó jìnnà sí ìdí rẹ̀ ní ìka mẹ́rin, kẹ́ ẹ sì bomi rin ín.

Tí ewé tó ń pọ́n náà bá wá ní àmì dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀, tó rí bíi rìǹgì nínú rìǹgì, àrùn fúńgọ́ọ̀sì nìyẹn. Òjò ló ń ta á láti orí ilẹ̀ sára ewé. Ẹ já àwọn ewé yẹn, ẹ kó wọn dànù sínú ìdọ̀tí. Ẹ já gbogbo ewé tó bá ń kan ilẹ̀. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ojú ilẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ọ̀pá gbé igi náà dúró kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ó ń yọ òdòdó, kò so

Ẹjọ́ yìí ló pọ̀ jù l'Ékòó. Òdòdó yọ, inú yín dùn, ọjọ́ kẹta gbogbo ẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ooru ni ẹ kọ́kọ́ fura sí, pàápàá ooru òru. Tí òru bá ń gbóná ju nǹkan bíi 24°C lọ, tí ọ̀sán sì ju 32°C, àtíkè inú òdòdó kì í ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ẹ wá ronú nípa oṣù kejì àti oṣù kẹta níbí, nígbà tí àwa gan-an ò lè sùn tí iná bá lọ. Kọnkéré ilẹ̀ ilé tún máa ń tọ́jú ooru ọ̀sán di òru. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò lórí kọnkéré tó ń jóni, ẹ fi pákó tàbí búlọ́ọ̀kù sábẹ́ rẹ̀, ẹ ta aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó láti aago méjìlá sí aago mẹ́ta ní ìgbà ooru.

Ohun kejì ni pé òdòdó tòmátì ní akọ àti abo nínú ara kan náà. Ìmìtìtì ló ń fẹ́. Nínú oko, atẹ́gùn àti oyin ló ń ṣe é. Lẹ́yìn fẹ́ǹsì gíga, atẹ́gùn lè má tó. Torí náà, láàárọ̀, ẹ fi ìka ta igi òdòdó pẹ́pẹ́ nígbà mélòó kan. Àwọn míì máa ń gbé fóònù tó ń gbọ̀n ti ọ̀pá tó gbé igi náà dúró. Ó ń ṣiṣẹ́.

Ohun kẹta: tí ewé bá dúdú mìnìjọ̀, tó pọ̀ lọ súà, tí òdòdó ò sí, ajílẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ dáwọ́ dúró fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìdí ọmọ rẹ̀ ń dúdú

Ọmọ tòmátì ń dàgbà, ẹ yí i wò, ìdí rẹ̀ ti dúdú, ó rì wọlé bí awọ. Ọ̀pọ̀ á ní kòkòrò ni. Kì í ṣe kòkòrò, kì í sì í ràn. Kálísíọ̀mù ni kò dé inú ọmọ náà. Omi ló sì ń gbé kálísíọ̀mù láti inú ilẹ̀ lọ sókè. Tẹ́ ẹ bá bomi rin ín lónìí, tẹ́ ẹ gbàgbé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, tẹ́ ẹ wá da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan lé e lórí, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún yín pé kẹ́ ẹ da èèpo ẹyin sí i. Èèpo ẹyin kò burú, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó jẹrà. Kò lè gba èyí tó wà lórí igi báyìí là. Omi tó ń dé déédéé ló máa gbà á. Ẹ já àwọn tó ti dúdú kí igi má bàa máa ṣòfò agbára lé wọn. Ẹ fi koríko bo ilẹ̀. Èyí tó máa so tẹ̀ lé e á dára.

Ewé ń ká

Oríṣi méjì ni, ẹ má da wọ́n pọ̀. Tó bá jẹ́ ewé àgbà nísàlẹ̀ ló ká sókè, tó ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, tó le díẹ̀, oòrùn tàbí ọ̀dá ló ń sá fún. Kò léwu. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ewé tuntun lókè ló ń ká, tó kéré, tí etí rẹ̀ pọ́n, tí igi náà kò ga mọ́, fáírọ́ọ̀sì ni. Ẹ yí ewé náà wò lábẹ́. Ẹ ó rí àwọn kòkòrò funfun kéékèèké tó máa ń fò sókè bí ìyẹ̀fun tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án. Àwọn ló ń gbé e kiri. Igi tó bá ti kó o kò ní í bọ́ nínú ẹ̀. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná: tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ nítorí àánú, á ran àwọn tó kù. Ẹ fà á tu.

Fún àwọn tó kù, ẹ fi ṣíbí tíì kan ọṣẹ ìfọwọ́ olómi sínú lítà omi kan, ẹ fọ́n ọn sábẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ewé kan ná. Ewé dóńgóyárò tẹ́ ẹ gún, tẹ́ ẹ rẹ di ọjọ́ kejì, tẹ́ ẹ sẹ́, náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ lè fi Vaseline ra ike aláwọ̀ pupa rúsúrúsú bíi ti òroǹbó, kẹ́ ẹ gbé e kọ́ ẹ̀gbẹ́ igi. Àwọn kòkòrò náà fẹ́ràn àwọ̀ yẹn, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn.

Ó rọ lójijì, ewé ṣì tutù

Èyí ló ń dunni jù. Lánàá igi ń dán, lónìí gbogbo ẹ̀ ti dorí kodò, ewé kò pọ́n, ilẹ̀ kò gbẹ, omi kò pọ̀ jù. Ẹ wá ìdáhùn báyìí: ẹ gé díẹ̀ nínú ìdí igi náà pẹ̀lú ọ̀bẹ, ẹ fi ojú ibi tẹ́ ẹ gé kan omi mímọ́ nínú gíláàsì, ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀, ẹ má mì ín. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun bíi mílíìkì tó ń ṣàn wálẹ̀ bí òwú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bakitéríà ni. Orúkọ rẹ̀ ni Ralstonia solanacearum. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Kò sí oògùn kankan tẹ́ ẹ lè rà ní Mile 12 tàbí níbikíbi tó máa wò ó. Tí ẹnikẹ́ni bá tà á fún yín, owó yín ló fẹ́. Iṣẹ́ yín nísinsìnyí ni kẹ́ ẹ gba àwọn tó kù là. Ẹ fà á tu pẹ̀lú gbòǹgbò, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ gbé e fún àwọn tó ń kó ìdọ̀tí. Ẹ má da ilẹ̀ rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì míì, torí bakitéríà yìí lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọ̀bẹ àti ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan igi míì. Ata, tàtàṣé, ìgbá àti ọ̀dùnkún òyìnbó náà máa ń kó o, nítorí náà ẹ má gbin wọ́n sínú ilẹ̀ yẹn. Àgbàdo lẹ lè gbìn síbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Àjẹgúnlẹ̀, Owódé àti Agboyi, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Tí odò Ògùn bá kún, tí omi bá wọ àdúgbò, omi yẹn lè gbé bakitéríà yìí láti ọgbà kan dé òmíràn. Ẹ ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì yín sókè kó tó di oṣù kẹsàn-án.

Ọ̀rọ̀ Sniper

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ farabalẹ̀ gbọ́ ibí yìí. Ìbéèrè kan máa ń wọlé sórí WhatsApp wa: "Ṣé mo lè fi Sniper díẹ̀ pa kòkòrò ara tòmátì mi?" Rárá o. Dichlorvos ni wọ́n ń pe oògùn inú rẹ̀, òun náà ló sábà máa ń wà nínú ọ̀tápíápíá. Iṣan ara ló ń bá jà, ti kòkòrò àti ti èèyàn. Ní ọdún 2019, NAFDAC ní kí wọ́n má tà á mọ́ nínú ìgò kékeré ní ọjà àti súpámákẹ́ẹ̀tì. Ẹ ò mọ ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa lò, ẹ ò mọ ọjọ́ tó máa lò lára èso, lẹ́yìnkùlé tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré ni ẹ sì ti fẹ́ fọ́n ọn. Torí ká lè mọ ohun tó wà lára oúnjẹ wa la ṣe gbìn ín. Ìyá yín ló máa fi tòmátì yẹn se ọbẹ̀. Ó sàn kí kòkòrò jẹ igi kan tán.

Irúgbìn àti àsìkò

Ọ̀pọ̀ ìṣòro tá a kà sílẹ̀ yìí, ọjọ́ tẹ́ ẹ gbin irúgbìn ló ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí Roma VF lára sáṣẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà méjì yẹn ní ìtumọ̀: V àti F ni àrùn méjì tí irú rẹ̀ lè dúró dè, Verticillium àti Fusarium. N túmọ̀ sí pé ó lè dúró de kòkòrò tó ń so kókó sí gbòǹgbò. Kò sí èyí tó ń sọ pé ó lè dúró de bakitéríà tá a sọ níṣàájú, àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀. Nítorí náà ẹ máa ka sáṣẹ́ẹ̀tì. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí NIHORT tó wà n'Íbàdàn láti ọdún 1975 ń ṣiṣẹ́ lórí ewébẹ̀ àti èso. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ lè béèrè irúgbìn tó bá ooru wa mu.

Ní ti àsìkò, tẹ́ ẹ bá gbin irúgbìn ní oṣù kẹwàá, tẹ́ ẹ lọ́ ọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ní oṣù kọkànlá, òdòdó á bọ́ sí àsìkò ọyẹ́, nígbà tí òjò ti lọ, tí òru sì máa ń tutù díẹ̀. Oṣù kẹfà le, torí òjò pọ̀, àrùn ewé náà pọ̀.

Ká tó lọ

Ẹ jẹ́ ká kó o pọ̀. Ebi, òùngbẹ, omi tó pọ̀ jù, òjìji, òdòdó tó ń já, ìdí ọmọ tó dúdú: gbogbo ìyẹn ṣeé tún ṣe, ẹ má fà á tu. Ewé tuntun tó ká tó sì pọ́n, àti igi tó rọ lójijì tí mílíìkì jáde nínú gíláàsì: ẹ má fi dọ́la. Àánú igi kan lè pa mẹ́ta.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká bá yín wo tiyín, fọ́tò mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́: gbogbo igi láti òkè délẹ̀, abẹ́ ewé kan tó ń ṣàìsàn, àti ojú ilẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ sọ iye ìgbà tẹ́ ẹ ń bomi rin ín. Láìsí ìyẹn, àwa náà á kàn máa méfò ni.

Ẹ bá wa fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tí tòmátì rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá tó sì ti kó bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jùnù. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ máa tọ́jú ara yín.